Kọ̀ǹpútà tó ń kú lójú oorun: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí dráífà tó ní àbùkù

Ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn akọ̀wé àti àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin, ni a kó jọ síbí. Orúkọ bọ́tìnì àti fèrèsé wà ní èdè Faransé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe hàn lójú Windows tí ọ̀pọ̀ wa ń lò.

Kí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe gan-an nígbà tó bá sùn?

Nígbà tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà alágbèéká dé, tàbí tí ẹ tẹ «Veille», kọ̀ǹpútà náà kò kú. Ó ń pa ojú rẹ̀, díìsìkì rẹ̀, káàdì Wi-Fi rẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń fi iná díẹ̀ sílẹ̀ fún mẹ́mọ́rì kí iṣẹ́ tí ẹ ṣí sílẹ̀ má baà parẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń jí kíákíá.

«Veille prolongée» yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ sínú fáìlì kan lórí díìsìkì, hiberfil.sys ni orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá pa gbogbo ara rẹ̀ pátápátá. Bí iná bá lọ tàbí bí bátìrì bá tán lẹ́yìn náà, iṣẹ́ yín ṣì wà níbẹ̀.

Kí ni dráífà, kí ló sì kàn án nínú oorun kọ̀ǹpútà?

Dráífà, tí Windows elédè Faransé ń pè ní «pilote», ni ètò kékeré tó wà láàárín Windows àti ẹ̀yà kan lára kọ̀ǹpútà. Káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, Wi-Fi ní tirẹ̀, ohùn ní tirẹ̀, ihò USB ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì ní tirẹ̀. Ẹni tó ṣe ẹ̀yà náà ló sábà máa ń kọ dráífà rẹ̀, nítorí náà ni dídára wọn kò ṣe dọ́gba.

Kí kọ̀ǹpútà tó sùn, Windows gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí dráífà kọ̀ọ̀kan pé kí ó pa ẹ̀yà tirẹ̀, kí ó sì jẹ́ òun lóhùn. Ó dà bí baálé tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn agboolé lóru, tó ń pe àwọn ọmọ lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí ẹyọ kan kò bá dáhùn, ilẹ̀kùn kò ṣeé tì. Bí Windows bá dúró títí tí èsì kò dé, yóò dá gbogbo iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ kí nǹkan má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdádúró òjijì yẹn ni àwa ń rí tí a ń sọ pé kọ̀ǹpútà kú.

Ìjí náà ní ewu tirẹ̀. Dráífà gbọ́dọ̀ dá ẹ̀yà tirẹ̀ padà sí bó ṣe wà kí ó tó sùn, bí ó bá sì gbàgbé ohun kan, tàbí tó na ọwọ́ sí apá mẹ́mọ́rì tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, gbogbo Windows ni yóò bá a ṣubú. Ohun tó fà á nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kan fi lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìní ìṣòro, kí ó wá kú ní kété tí ẹ bá pa á dé: ní gbogbo ọ̀sán, kò sẹ́ni tó ní kí dráífà náà ṣe ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé dráífà ló pa á, pé kì í ṣe iná ló lọ?

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ eventvwr.msc, kí ẹ sì tẹ «Entrée». Nínú «Observateur d'événements» tó máa ṣí, ẹ lọ sí «Journaux Windows», lẹ́yìn náà ẹ tẹ «Système». Ìlà Kernel-Power 42 ń sọ pé kọ̀ǹpútà ń lọ sùn. Ìlà 1 tí orísun rẹ̀ jẹ́ Power-Troubleshooter ń sọ pé ó jí. Ìlà Kernel-Power 41 ń sọ pé kọ̀ǹpútà tún tan láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá rí 42, tí 41 sì tẹ̀ lé e láìsí ìlà ìjí láàárín wọn, ojú oorun gan-an ló ti kú, tàbí ibi tó ti ń lọ sùn tàbí tó ti fẹ́ jí.

Ẹ wá tẹ ìlà 41 náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì ṣí «Détails». Ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú BugcheckCode. Bí ó bá jẹ́ 0, Windows kò rí àyè kọ ohunkóhun sílẹ̀: ó lè jẹ́ pé iná lọ, pé bátìrì tán, pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí, tàbí pé kọ̀ǹpútà dì pátápátá. Bí ó bá jẹ́ 159, ẹ ti bá ọ̀ràn náà: 159 yìí ni 0x9F nínú ònkà tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò, òun náà ló sì ń jẹ́ DRIVER_POWER_STATE_FAILURE, ìyẹn ni pé dráífà kan kùnà nígbà tí kọ̀ǹpútà ń lọ sùn tàbí tó ń jí.

Ní tiwa níbí, ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo nọ́ńbà 0 yìí dáadáa. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní «onduleur», ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ, àti alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́ tó jẹ́ ṣájà nìkan ló gbé e ró, kò lè yè é bí iná bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ fi àkókò tó wà lórí ìlà náà wé àkókò tí iná lọ ní àdúgbò yín kí ẹ tó dá dráífà lẹ́bi.

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní kí n jẹ́ kí òun fọ́rímáàtì rẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má tíì gbà. Ó ń dùn wá púpọ̀ láti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó pàdánù ìwé àṣekágbá rẹ̀, tàbí ìyá ọlọ́jà tí àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ parẹ́, nítorí ìṣòro tí dráífà kan ṣoṣo fà. Bí wọ́n bá fọ́rímáàtì tán, Windows lè lọ gba dráífà kan náà padà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ikú ojú oorun náà sì tún bẹ̀rẹ̀.

Bí kò bá wá sí ọ̀nà mìíràn lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ yín sórí díìsìkì mìíràn, kí ẹ sì kó àwọn dráífà tó wà lórí rẹ̀ pamọ́. Ẹ ṣí «Terminal (administrateur)», ẹ ṣe fódà kan tí ẹ pè ní pilotes sórí clé USB, kí ẹ sì kọ àṣẹ pnputil /export-driver * E:\pilotes, níbi tí E dúró fún clé náà. Gbogbo dráífà tí kì í ṣe ara Windows ni yóò dà síbẹ̀, ẹ kò sì ní fi owó «forfait» íntánẹ́ẹ̀tì yín wa wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ rántí pé èyí tó ní àbùkù náà wà láàárín wọn.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun?

Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára ihò USB kúrò: módẹ̀mù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, «scanner», àti káàdì mẹ́mọ́rì pàápàá. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn, kí ẹ sì jí i. Bí kò bá kú, ẹ dá àwọn nǹkan náà padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa jẹ́ kí ó sùn lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi rí èyí tó ń fà á.

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tàn án, síbẹ̀ kò yí padà. Kí ló dé?

Láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní ọdún 2012, «Arrêter» kì í pa kọ̀ǹpútà pátápátá mọ́ bí «démarrage rapide» bá wà lórí rẹ̀. Ohun tí Windows máa ń ṣe ni pé ó ń kọ ọkàn ètò rẹ̀, àti àwọn dráífà tó wà nínú rẹ̀, sórí díìsìkì, kí ó lè tètè gbé e dìde lọ́la. Dráífà tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ lónìí lè bá ipò burúkú yẹn dé ọjọ́ kejì.

«Redémarrer» ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lò ó nígbàkígbà tí ẹ bá yí dráífà padà. Bí ẹ bá fẹ́ pa «démarrage rapide» fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí «Options d'alimentation», «Choisir l'action des boutons d'alimentation», kí ẹ sì mú àmì kúrò níwájú rẹ̀.

Ojú búlúù máa ń yọ, ó sì máa ń lọ kí n tó ka ohun tó kọ. Báwo ni mo ṣe lè dá a dúró?

Ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ lọ sí «Paramètres système avancés», lẹ́yìn náà «Démarrage et récupération», kí ẹ sì mú àmì kúrò níwájú «Redémarrer automatiquement». Nígbà mìíràn tó bá ṣẹlẹ̀, gbólóhùn «Votre PC a rencontré un problème» yóò dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú fọ́tò náà ni ìlà «Code d'arrêt», àti orúkọ fáìlì tí ìparí rẹ̀ jẹ́ .sys bí ó bá wà níbẹ̀. Lórí Windows 11 tuntun, ojú náà dúdú, kì í ṣe búlúù mọ́, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń sọ.

Báwo ni mo ṣe lè mọ dráífà tó jẹ̀bi gan-an?

Nígbà tí Windows bá ń ṣubú lọ́nà yìí, ó sábà máa ń kọ ẹ̀rí sílẹ̀ sínú fódà C:\Windows\Minidump. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ BlueScreenView, láti ọ̀dọ̀ NirSoft, tó ń ka àwọn fáìlì yìí, tó sì ń kọ orúkọ dráífà tó fura sí sójú. Kò wúwo, nítorí náà ẹ lè gbà á ní sáíbà kí ẹ fi clé USB gbé e wálé.

Orúkọ fáìlì máa ń jẹ́ kí a mọ ẹ̀yà tí ó jẹ́ tirẹ̀. nvlddmkm.sys jẹ́ ti káàdì àwòrán NVIDIA, igdkmd64.sys jẹ́ ti Intel, amdkmdag.sys jẹ́ ti AMD. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Netwtw jẹ́ ti Wi-Fi Intel, rt640x64.sys sì jẹ́ ti ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì Realtek. Orúkọ tó bá yọ léraléra nínú ẹ̀rí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ̀rí ẹyọ kan kò tó láti dá ẹjọ́.

Bí fódà Minidump bá ṣófo, ẹ padà sí «Démarrage et récupération» kí ẹ wò ó bóyá «Image mémoire partielle» ni ẹ yàn. Windows kò sì lè kọ ẹ̀rí yìí bí ẹnì kan bá ti pa fáìlì «pagination», tí Windows fi ń ran mẹ́mọ́rì lọ́wọ́, rẹ́ kúrò lórí díìsìkì C, bí àwọn kan ti máa ń ṣe láti fi àyè sílẹ̀.

BlueScreenView ní ntoskrnl.exe ló fà á. Ṣé Windows fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́ ni?

Kò dájú rárá. ntoskrnl.exe ni ọkàn Windows, òun ló sì ń pàṣẹ pé kí gbogbo nǹkan dúró nígbà tí dráífà kan bá kọ̀ tí kò dáhùn. Orúkọ ẹni tó kígbe ni ẹ rí yẹn, orúkọ ẹni tó ṣe é kò tíì yọ. Bákan náà ni pci.sys àti ACPI.sys ṣe máa ń yọ láìṣẹ̀.

Ní irú àkókò yìí, WinDbg ti Microsoft, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ló yẹ. Ẹ fi í ṣí fáìlì ẹ̀rí náà, kí ẹ sì kọ !analyze -v. Bí kóòdù bá jẹ́ 0x9F, tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ 3, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀yà kan ti di iṣẹ́ tí Windows rán an mú fún àkókò tó pọ̀ jù. Ẹ mú nọ́ńbà kẹrin, ẹ kọ !irp síwájú rẹ̀, kí ẹ sì wá ìlà tí àmì > wà níwájú rẹ̀. Dráífà tó wà lórí ìlà náà ni iṣẹ́ náà há sí lọ́wọ́.

Níbo ni kí n ti gba dráífà tó dára?

Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá a. Dráífà ibẹ̀ lè má tuntun tó ti ẹni tó ṣe ẹ̀yà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti dán an wò lórí irú kọ̀ǹpútà yín, ó sì sàn fún oorun. Ohun tí èmi yóò fi sí i ni pé kí ẹ má fojú fo dráífà «chipset» àti ti Intel Management Engine. Kò sẹ́ni tó ń rí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kópa púpọ̀ nínú bí kọ̀ǹpútà ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jí.

Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ṣe ẹ̀yà kan, ẹ ṣí «Gestionnaire de périphériques», ẹ tẹ ẹ̀yà náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí «Détails», kí ẹ sì wá ibi tí VEN_ ti wà nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. VEN_8086 ni Intel, VEN_10DE ni NVIDIA, VEN_1002 ni AMD, VEN_10EC sì ni Realtek.

Ẹ sá fún àwọn ètò tó ń pariwo pé àwọn yóò tún gbogbo dráífà yín ṣe lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n lè fi dráífà tó jọ tiyín ṣùgbọ́n tí kì í ṣe tiyín sí i, bí ó bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ kò ní mọ èyí tó yí padà nínú mẹ́wàá tàbí ogún.

Lẹ́yìn tí Windows ṣe «mise à jour» ni ó bẹ̀rẹ̀. Ṣé mo lè padà sí dráífà àtijọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú «Gestionnaire de périphériques», ẹ tẹ ẹ̀yà náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí «Pilote», kí ẹ tẹ «Restaurer le pilote», lẹ́yìn náà kí ẹ «redémarrer». Bí bọ́tìnì náà bá ṣókùnkùn tí kò ṣeé tẹ̀, Windows kò ní èyí àtijọ́ nípamọ́ mọ́, ẹ ó sì gbà á látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà náà. Káàdì àwòrán le díẹ̀ ju ìyókù lọ, nítorí ìdọ̀tí dráífà àtijọ́ máa ń ṣẹ́kù. Display Driver Uninstaller ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò láti gbá a mọ́ nínú «mode sans échec», níbi tí Windows ti ń tan pẹ̀lú ìwọ̀nba dráífà díẹ̀, kí wọ́n tó fi tuntun sí i.

Àpótí kan wà tó ní «Autoriser l'ordinateur à éteindre ce périphérique pour économiser l'énergie». Ṣé kí n mú àmì rẹ̀ kúrò?

Lórí káàdì Wi-Fi, ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti «Concentrateur USB racine», ó tọ́ kí ẹ dán an wò, nítorí pé dráífà tó ń kùnà láti pa ẹ̀yà rẹ̀ àti láti jí i lè dúró déédéé bí ẹ kò bá jẹ́ kí Windows máa pa á. Ẹ mú un kúrò lórí ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ràn yín lọ́wọ́. Bátìrì yóò tètè tán díẹ̀. Bí abala «Gestion de l'alimentation» kò bá sí rárá lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ka ìbéèrè tó kan kọ̀ǹpútà tó ń gbóná nínú báàgì.

Kò kú, kò sì jí: fáànù ń dún, iná bọ́tìnì tàn, ojú rẹ̀ dúdú.

Ẹ tẹ Windows, Ctrl, Maj àti B pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣẹ yìí ń tún dráífà àwòrán bẹ̀rẹ̀, kò sì ba iṣẹ́ yín jẹ́. Bí àwòrán bá padà wá, dráífà káàdì àwòrán ni ẹ ó tún ṣe. Bí «Verr. Maj» kò bá tan iná rẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ti dì, kò sì sí ohun tó kù ju kí ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí yóò fi pa.

Kọ̀ǹpútà mi máa ń gbóná nínú báàgì, bátìrì rẹ̀ a sì tán kí n tó dé ilé.

Ẹ kọ powercfg /a nínú «Terminal». Bí ó bá dá yín lóhùn pé «S0» ló wà, kọ̀ǹpútà yín kì í sùn bí ti àtijọ́, tí a ń pè ní S3. Ó ń dín agbára kù, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bíi ti fóònù. Dráífà kan tí kò fẹ́ sinmi tó láti jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa jó títí di ìgbà tí bátìrì yóò tán, ẹ ó sì rò pé ó kú lójú oorun. Ẹ kọ powercfg /sleepstudy: yóò ṣe ìwé kan fún yín tó ń fi oorun kọ̀ọ̀kan hàn àti ẹ̀yà tó kọ̀ láti sinmi nínú rẹ̀.

Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí pípa kọ̀ǹpútà dé túmọ̀ sí «Veille prolongée». Ẹni tó ń gun zémìjàn láti Wàndó lọ sí ibi iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbé kọ̀ǹpútà tó ń jó lọ́wọ́ sínú báàgì.

Kí ni verifier, ṣé kí n lò ó?

Ètò tó wà nínú Windows ni, ó sì ń fúngun mọ́ dráífà títí èyí tó ní àbùkù yóò fi tú ara rẹ̀ fó. Ẹ lò ó nígbà tí ẹ̀rí kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn dráífà tí kì í ṣe ti Microsoft nìkan ni kí ẹ yàn nínú rẹ̀. Nítorí pé ó lè mú kí kọ̀ǹpútà ṣubú kí ó tó tan tán, ẹ kọ àṣẹ ìgbàlà sórí ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: nínú «mode sans échec», verifier /reset. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ kó gbogbo iṣẹ́ yín pamọ́.

Wọ́n ní kí n tún BIOS ṣe. Ṣé ó kan oorun?

Ó kàn án. BIOS ni ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde, inú rẹ̀ sì ni ìlànà tó ń sọ fún Windows bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń sùn wà. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà lè má tan mọ́. Ẹ rí i pé bátìrì kún, pé ṣájà wà lára rẹ̀, kí ẹ sì yan àkókò tí iná dúró ṣinṣin. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́ kò gbọdọ̀ dán an wò láìsí «onduleur».

Linux ni mo ń lò. Ṣé ìṣòro kan náà ni?

Ìṣòro kan náà ni, irinṣẹ́ ló yàtọ̀. journalctl -b -1 -k yóò fi ohun tí ọkàn Linux kọ kẹ́yìn kí ó tó kú hàn yín. cat /sys/power/mem_sleep yóò sọ bóyá s2idle (tó jọ S0) tàbí deep (tó jọ S3) ni ẹ wà, ẹ sì lè yí i padà kí ẹ wo èyí tó dúró. Bí ẹ bá kọ devices sínú /sys/power/pm_test kí ẹ tó ní kí ó sùn, yóò dán pípa àti jíjí àwọn ẹ̀yà wò fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láìsùn tán, bí ó bá sì kú níbẹ̀, dráífà ni. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ kọ none sínú fáìlì kan náà.

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi, ẹni tó ṣe é kò sì ṣe dráífà tuntun fún un mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Irú èyí pọ̀ lọ́wọ́ wa, ó sì ti pọ̀ sí i látìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fi tipátipá gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹ dán dráífà Windows 10 wò lórí rẹ̀. Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá kọ̀, ẹ yan dráífà tí Windows fúnra rẹ̀ ní fún ẹ̀yà náà, kódà bí àwòrán kò bá dán tó ti tẹ́lẹ̀.

Bí oorun kò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ kọ powercfg /h on, kí ẹ fi «Veille prolongée» rọ́pò «Veille» pátápátá. Dráífà ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà kò fi gbogbo ara bọ́ lọ́wọ́ ewu, ṣùgbọ́n BIOS ló ń tan gbogbo ẹ̀yà láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà ìjí, èyí sì máa ń gba ọ̀pọ̀ dráífà aláìlera là. Bí ó bá ṣì ń kú síbẹ̀, ẹ fi mdsched.exe yẹ mẹ́mọ́rì wò, nítorí mẹ́mọ́rì tó ti ń bàjẹ́ lè da ohun tó tọ́jú rú lójú oorun, kí gbogbo ẹ̀bi sì bọ́ sórí dráífà tí kò ṣẹ̀.